Bí iná bá dé, kí ọ̀nà abẹ́lẹ̀ SSH yín dé pẹ̀lú rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Èkó ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń bójú tó sáfà kékeré kan ní ilé oògùn ẹ̀gbọ́n mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Debian 12 ló wà lórí rẹ̀. Ráwútà oní-SIM ni wọ́n fi ń gba íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, kò sì sí bí mo ṣe lè wọlé sí i láti ìta. Mo wá yá VPS kan (sáfà tí a ń yá lórí íntánẹ́ẹ̀tì), mo sì ń lo `ssh -f -N -R 2222:localhost:22` láti ilé oògùn sí VPS náà, kí pọ́ọ̀tù 2222 lórí VPS lè gbé mi dé inú sáfà ilé oògùn. Inú crontab (ìwé àwọn iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀) ni mo kọ àṣẹ yìí sí pẹ̀lú `@reboot`, kí ó máa ṣiṣẹ́ nígbà tí sáfà bá jí. Bí iná bá lọ tó sì dé, ọjọ́ mìíràn ó máa ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ mìíràn kì í ṣiṣẹ́. Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni pé bí wọ́n bá bá mi tẹ `ps` (àṣẹ tó ń fi àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ hàn) níbẹ̀, ssh ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, síbẹ̀ mi ò lè wọlé. Báwo ni mo ṣe lè mú kí ó máa dìde fúnra rẹ̀, kí n má máa pe ẹnikẹ́ni mọ́?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ mẹ́nu ba `ps` yẹn, torí òun ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá sáré ka ìbéèrè yín á ní kí ẹ gbé àṣẹ náà kúrò nínú crontab lọ sínú systemd, ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ àwọn iṣẹ́ lórí Debian tó sì ń ṣọ́ wọn, kó parí síbẹ̀. Kò ní parí. systemd á máa wo ssh tó jókòó síbẹ̀, á gbà pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, ẹ̀yin á sì tún máa pe Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe ni kí a kọ́ ssh bí yóò ṣe máa kú kíákíá nígbà tí ọ̀nà rẹ̀ bá ti bàjẹ́. Ìgbà yẹn ni systemd á tó rí nǹkan jí dìde.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí iná tó lọ. Nígbà tí iná bá lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, sáfà yín kì í ráàyè sọ fún VPS pé òun ń lọ. Ó kàn kú ni. Lọ́dọ̀ VPS, sshd (ètò tó ń gba àwọn tó ń fi SSH wọlé) gbà pé ẹni tó wà lórí ìlà ṣì wà níbẹ̀, pé ó kàn dákẹ́ ni, nítorí náà ó di pọ́ọ̀tù 2222 mú dè é. Bí ẹ kò bá yí nǹkan kan padà, kernel Linux (ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà) lórí VPS yóò dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 7,200 kí ó tó kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹni náà ṣì wà láàyè. Bí kò bá rí èsì, yóò máa béèrè títí dé ìgbà 9, ìṣẹ́jú àáyá 75 ni yóò sì máa wà láàárín ìbéèrè kan sí èkejì. Ẹ rò ó pọ̀: ó lé ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí pọ́ọ̀tù náà tó bọ́ lọ́wọ́ òkú.

Ká ní iná wá dé lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú. Sáfà jí, cron tẹ àṣẹ yín, ssh dé ọ̀dọ̀ VPS, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó wọlé. Ó ní pọ́ọ̀tù 2222 lòun fẹ́. VPS ní ẹnìkan ti wà lórí rẹ̀. Kàkà kí ssh kúrò níbẹ̀ kó lọ gbìyànjú nígbà mìíràn, ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń kọ:

```
Warning: remote port forwarding failed for listen port 2222
```

Á wá jókòó sórí ìlà náà láìgbé ohunkóhun. Nítorí `-f` tí ẹ fi sí i, kò sí ojú tó rí ìkìlọ̀ yẹn. Òun gan-an ni `ps` ń fi hàn yín. Bí ẹ bá rántí àwọn ọjọ́ tó ṣiṣẹ́ àti àwọn tí kò ṣiṣẹ́, mo rò pé ẹ óò rí i pé ọjọ́ tí iná lọ tó pẹ́ ni nǹkan máa ń bọ̀ sípò, ọjọ́ tó ṣẹ́jú lọ tó ṣẹ́jú dé ni wàhálà máa ń wà. Ibẹ̀ ló ti ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú, torí òdìkejì rẹ̀ lèèyàn máa retí.

Ikú kejì kò nílò kí iná lọ rárá. SIM tí ẹ ń lò kì í sábà ní àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ni iléeṣẹ́ tẹlifóònù máa ń kó sẹ́yìn àdírẹ́sì kan náà. Ẹ wo ojú ìwé ráwútà yín: bí àdírẹ́sì WAN rẹ̀ (èyí tí iléeṣẹ́ tẹlifóònù fún un) bá wà láàárín 100.64.0.0 àti 100.127.255.255, ó ti dájú, torí irú iṣẹ́ yìí ni ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì RFC 6598 ya àwọn àdírẹ́sì wọ̀nyẹn sọ́tọ̀ fún ní oṣù kẹrin ọdún 2012. Àwọn kan ń lo èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10. Ẹ̀rọ iléeṣẹ́ náà ní ìwé kan tó fi ń rántí oníbàárà tó ń bá ta ni sọ̀rọ̀. Ìlà tó bá dákẹ́ pẹ́, yóò pa á rẹ́ nínú ìwé náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. ssh yín tí kò ní nǹkan kan láti fi ránṣẹ́ kò ní mọ̀ pé ìlà ti já. Á dúró síbẹ̀, á máa retí ẹni tí kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ti crontab ni mo kà sí ìkẹta, òun ló sì rọrùn jù. Ìgbà kan péré ni `@reboot` máa ń gbìyànjú. Nígbà tí iná bá dé, sáfà àti ráwútà ni wọ́n jọ máa ń tàn lẹ́ẹ̀kan náà, sáfà sì máa ń jí ṣáájú kí ráwútà tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. ssh á wá orúkọ VPS, kò ní rí i, á kú, cron á sì ti ka iṣẹ́ tirẹ̀ sí èyí tó ti parí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Ẹ má ṣe lo àkáǹtì tiyín fún iṣẹ́ yìí, ẹ má sì lo root rárá. Ẹ dá àkáǹtì kan sílẹ̀ lórí sáfà ilé oògùn tí kò ní iṣẹ́ mìíràn. Mo pe tèmi ní `ona`:

```
sudo useradd --system --create-home --home-dir /var/lib/ona \
     --shell /usr/sbin/nologin ona
sudo -u ona mkdir -m 700 /var/lib/ona/.ssh
sudo -u ona ssh-keygen -t ed25519 -N "" -f /var/lib/ona/.ssh/id_ed25519
```

Ohun tí `-N ""` ń sọ ni pé kọ́kọ́rọ́ yìí kò ní páswọ́ọ̀dù. Kò sí ọ̀nà mìíràn, torí nígbà tí iná bá dé láàárín òru, kò sẹ́ni tó máa jí wá tẹ páswọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ẹ ro ohun tó túmọ̀ sí: ẹnikẹ́ni tó bá gbé kọ̀ǹpútà yẹn lọ ti gbé kọ́kọ́rọ́ VPS yín lọ. Ilé oògùn wà lẹ́bàá títì, olè kò jìnnà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe fo apá VPS tó ń bọ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà náà máa ṣiṣẹ́ láìsí i. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ máa ṣe é.

Lórí VPS, ẹ dá `ona` tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú, kí òun náà má ní shell (ibi tí èèyàn ti ń tẹ àṣẹ):

```
sudo useradd --create-home --shell /usr/sbin/nologin ona
```

Ẹ dá fódà `/home/ona/.ssh` sílẹ̀, kí `ona` jẹ́ olóhun rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ 700. Nínú fódà náà, ẹ kọ ìlà kan ṣoṣo yìí sínú fáìlì `authorized_keys`, kí àṣẹ fáìlì náà jẹ́ 600. Ẹ fi ohun tó wà nínú `id_ed25519.pub` ti sáfà ilé oògùn rọ́pò `ssh-ed25519 AAAA...` tó wà ní ìparí ìlà náà:

```
restrict,port-forwarding,permitlisten="localhost:2222" ssh-ed25519 AAAA...
```

`restrict` gba gbogbo ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ kọ́kọ́rọ́ náà, `port-forwarding` dá ọ̀kan padà fún un, `permitlisten` sì ní pọ́ọ̀tù 2222 nìkan ló lè béèrè. OpenSSH 7.8 ti ọdún 2018 ló mú `permitlisten` wá, nítorí náà bí VPS yín bá ti gbó ju ìyẹn lọ, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di tuntun. Síbẹ̀ ihò kan ṣì kù: kọ́kọ́rọ́ tó ní `port-forwarding` ṣì lè gba inú VPS kọjá lọ sí ibòmíràn pẹ̀lú `-L`. A máa dí ihò yẹn nínú fáìlì `/etc/ssh/sshd_config.d/ona.conf`, a sì máa bá ti òkú tó di pọ́ọ̀tù mú yanjú níbẹ̀ kan náà:

```
Match User ona
    AllowTcpForwarding remote
    PermitListen localhost:2222
    PermitTTY no
    X11Forwarding no
    ForceCommand /usr/sbin/nologin
    ClientAliveInterval 20
    ClientAliveCountMax 3
```

Ìlà méjì tó kẹ́yìn ni kí ẹ fojú sí. Ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 20 tí sshd kò bá gbúròó nǹkan kan, yóò béèrè lọ́wọ́ ilé oògùn bóyá ó wà níbẹ̀. Bí ìbéèrè mẹ́ta bá lọ tí èsì kankan kò wá, yóò já ìlà náà, yóò sì tú pọ́ọ̀tù 2222 sílẹ̀. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti di nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Bí ọwọ́ bá kàn yín tí ẹ kò lè ṣe ju nǹkan kan lọ lónìí, ìlà méjì yẹn ni kí ẹ kọ.

Kí ẹ tó tún sshd bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ `sudo sshd -t`. Bí kò bá sọ nǹkan kan, fáìlì náà dára, ẹ lè wá tẹ `sudo systemctl reload ssh`. Ẹ jẹ́ kí fèrèsé kan tí ẹ ti wọlé tẹ́lẹ̀ ṣí sílẹ̀ títí ẹ ó fi rí i pé ẹ ṣì lè wọlé láti òmíràn.

Ẹ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó kù kí sáfà dá VPS mọ̀ kí ó tó di pé òun nìkan ló ń ṣe é. Níbi yìí, àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti kọ `StrictHostKeyChecking=no` kí ssh má bàa béèrè nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ ń sọ nígbà náà ni pé ẹnikẹ́ni tó bá pe ara rẹ̀ ní VPS yín lójú ọ̀nà, kí sáfà gbà á gbọ́. Ẹ wọ VPS láti ojú ìwé iléeṣẹ́ tí ẹ ti yá a, kí ẹ tẹ `ssh-keygen -lf /etc/ssh/ssh_host_ed25519_key.pub`, kí ẹ da èsì rẹ̀ kọ síbì kan. Lẹ́yìn náà, lórí sáfà ilé oògùn (ẹ fi orúkọ VPS tiyín rọ́pò `vps.example.com`):

```
sudo -u ona ssh -N ona@vps.example.com
```

Yóò fi àmì ìdánimọ̀ VPS hàn yín. Bí ó bá bá èyí tí ẹ kọ sílẹ̀ mu, ẹ tẹ `yes`. Bí ó bá dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ó ti wọlé nìyẹn. Ẹ tẹ Ctrl-C. Ẹ rí i pé mo lo `sudo -u ona`. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni àṣẹ wọn ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, tí kì í sì í ṣiṣẹ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń jí, torí pé àkáǹtì tiwọn ló mọ VPS, tí èyí tí systemd ń lò kò mọ̀ ọ́n rí.

Fáìlì systemd ló kàn, `/etc/systemd/system/ona-vps.service`:

```
[Unit]
Description=Ona abele si VPS
Wants=network-online.target
After=network-online.target
StartLimitIntervalSec=0

[Service]
User=ona
ExecStart=/usr/bin/ssh -N \
    -o BatchMode=yes \
    -o ExitOnForwardFailure=yes \
    -o ServerAliveInterval=20 \
    -o ServerAliveCountMax=3 \
    -o ConnectTimeout=15 \
    -o StrictHostKeyChecking=yes \
    -R 2222:localhost:22 ona@vps.example.com
Restart=always
RestartSec=15
NoNewPrivileges=yes
ProtectSystem=full
ProtectHome=yes

[Install]
WantedBy=multi-user.target
```

Kò sí `-f` níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí. `-f` máa ń jẹ́ kí ssh bí ọmọ kan tó máa ṣe iṣẹ́ náà, kí òun fúnra rẹ̀ sì lọ. systemd á rí i pé ẹni tí òun ń ṣọ́ ti lọ, á gbà pé iṣẹ́ ti parí.

`ExitOnForwardFailure=yes` ni oògùn ìkìlọ̀ tí mo fi hàn yín lókè. Bí VPS bá ní pọ́ọ̀tù 2222 kò tíì ṣí sílẹ̀, ssh kò ní jókòó mọ́. Á kú, systemd á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 15, á tún un bẹ̀rẹ̀, títí tí sshd á fi lé òkú kúrò. `ServerAliveInterval` àti `ServerAliveCountMax` ń ṣe lọ́dọ̀ ilé oògùn ohun tí `ClientAlive` ń ṣe lọ́dọ̀ VPS, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ kejì mọ́ ọn: ìbéèrè kékeré tó ń lọ ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 20 kì í jẹ́ kí ìwé iléeṣẹ́ tẹlifóònù gbàgbé ìlà yín. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù owó détà, ìwọ̀n MB díẹ̀ péré ni lójúmọ́. Ẹ má ṣe rò pé `TCPKeepAlive` tó ti wà nínú ssh láti ilẹ̀ ti tó. Wákàtí méjì kernel lókè yẹn ló ń tẹ̀ lé.

`BatchMode=yes` ń sọ fún ssh pé kò sẹ́ni tó máa dáhùn ìbéèrè kankan, kó kú bí ó bá ní ìbéèrè. `Restart=always` ṣe kedere. `RestartSec` ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, systemd á máa dúró fún ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá péré, bí iṣẹ́ kan bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, á pa á tì, á ní ó ti kùnà, kò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Níbi tí ráwútà ti ń pẹ́ kó tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ tí ọ̀nà yín á fi di ohun tí systemd ti pa tì. `StartLimitIntervalSec=0` mú òpin yẹn kúrò pátápátá, kí ó lè máa gbìyànjú bí iléeṣẹ́ tẹlifóònù bá tilẹ̀ wà láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹ gbé e dìde:

```
sudo systemctl daemon-reload
sudo systemctl enable --now ona-vps.service
journalctl -u ona-vps.service -f
```

Ẹ má gbára lé `network-online.target` jù. Ohun tó ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà ti gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ ráwútà, kò sọ pé ráwútà fúnra rẹ̀ ti rí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo fi sí i torí pé ó ń dín ariwo kù nínú àkọsílẹ̀. `Restart` ló ń ṣe iṣẹ́ gidi.

Ẹ máa rí ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tó ní kí ẹ lo autossh, ètò tó ń tún ssh bẹ̀rẹ̀ bí ó bá kú. Kò burú, ó sì ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ kí Debian tó gba systemd gẹ́gẹ́ bí olùbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú Debian 8 lọ́dún 2015. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí `Restart=always` ń ṣe náà ló ń ṣe, fífi méjèèjì pọ̀ sì dà bíi kí ọdẹ méjì máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kan, kí ọ̀kan máa rò pé èkejì ti rí olè náà. Ó tún ní ìwà kan tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: bí ssh àkọ́kọ́ bá kú kí ó tó pé ìṣẹ́jú àáyá 30, autossh fúnra rẹ̀ á jáde láìtún un gbìyànjú, àyàfi bí ẹ bá kọ `AUTOSSH_GATETIME=0`. Àárọ̀ tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gan-an ni ssh máa ń yára kú bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀rọ̀ tiyín, mi ò ní lò ó.

Ẹ lè tún bi mí pé ṣé WireGuard (irú ọ̀nà abẹ́lẹ̀ mìíràn, VPN) kò dára jù. Ó dára. Ó ti wà nínú kernel Linux láti 5.6 ti ọdún 2020, `systemctl enable wg-quick@wg0` sì tó láti mú un dìde. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀ka ilé oògùn méjì tàbí mẹ́ta máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú ilé kan náà, òun ni kí ẹ lọ lò. Fún wíwọlé sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo láti tún un ṣe, ssh tó. Ohun kan wà tó ń jẹ́ kí n ṣọ́ra pẹ̀lú WireGuard níbi tí iná ti máa ń lọ: ó máa ń fi aago sínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa gba ọ̀rọ̀ àná sílẹ̀ kó tún un fi ránṣẹ́ lónìí. Ẹ̀rọ tí bátìrì aago rẹ̀ ti kú, tàbí Raspberry Pi 4 tí kò ní bátìrì aago rárá, lè jí pẹ̀lú aago tó ti padà sẹ́yìn, ẹ̀rọ kejì kò sì ní gbà á títí aago náà á fi tún ara rẹ̀ ṣe. Kọ́kọ́rọ́ SSH tí a lò yìí kì í wo aago.

Gbogbo èyí kò wúlò bí kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ kò bá tàn. Ẹ wọ inú BIOS rẹ̀ (ojú ètò tó ń ṣí kí Debian tó bẹ̀rẹ̀) lọ́jọ́ tí ẹ bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ wá ohun tó ń jẹ́ Restore on AC Power Loss tàbí After Power Failure, kí ẹ gbé e sí Power On. Ọ̀pọ̀ ló máa ń wá pẹ̀lú Power Off, ìyẹn ni pé bí iná bá dé, ó dúró kí ẹnìkan wá tẹ bọ́tìnnì. Bí ẹ bá ní ínfátà tàbí UPS tó ń sọ fún sáfà pé kó pa ara rẹ̀ nígbà tí bátìrì bá kù díẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún ibì kan: bí sáfà bá ti pa ara rẹ̀, tí iná wá dé kí bátìrì tó tán, lójú kọ̀ǹpútà iná kò lọ rí, kò sì ní tàn. Ẹ ṣètò UPS náà kí ó gé iná jáde lẹ́yìn tí sáfà bá ti pa.

Láti Èkó, báyìí lẹ ó ṣe máa wọlé. Ẹ kọ èyí sínú `~/.ssh/config` lórí kọ̀ǹpútà yín:

```
Host ileoogun
    HostName localhost
    Port 2222
    User orukoyin
    ProxyJump orukoyin@vps.example.com
```

`ssh ileoogun` ti tó lẹ́yìn náà. Ẹ lè rí ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ ṣí `GatewayPorts` lórí VPS kí ẹ lè máa wọlé tààrà. Ẹ má ṣe é. Ńṣe ló máa gbé ilẹ̀kùn ilé oògùn yín síwájú gbogbo ayé, wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà ẹ óò bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn àjèjì tó ń gbìyànjú páswọ́ọ̀dù. Pẹ̀lú ètò tí a ṣe yìí, VPS nìkan ni pọ́ọ̀tù 2222 ń dá lóhùn. Síbẹ̀, ẹ kọ `PasswordAuthentication no` sórí sáfà ilé oògùn náà, kí kọ́kọ́rọ́ tiyín nìkan máa ṣí i. Bí olè bá sì gbé sáfà lọ ní tòótọ́, ẹ pa ìlà kan ṣoṣo yẹn rẹ́ nínú `authorized_keys` VPS, kí ẹ sì pa ìlà rẹ̀ tó bá ṣì ṣí.

Ẹ má ṣe gbà pé ó ti dára títí ẹ ó fi pa á lójú ara yín. Ẹ tẹ `sudo systemctl kill -s KILL ona-vps` kí ẹ wò ó bó ṣe ń dìde padà. Ẹ yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì sáfà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ dá a padà. Ẹ tún VPS bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ṣe èyí tó ń da ọ̀rọ̀ rú látilẹ̀wá: ẹ pa ètò ìtajà ilé oògùn náà kí détà má bàa bàjẹ́, ẹ fa wáyà iná sáfà yọ, kí ẹ dá a padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Iná tó ṣẹ́jú lọ tó ṣẹ́jú dé nìyẹn. Lórí VPS, ẹ máa wo:

```
sudo ss -tlnp | grep 2222
```

`127.0.0.1:2222` ni kí ẹ rí. Bí ẹ bá rí `0.0.0.0:2222`, ẹnìkan ti ṣí `GatewayPorts`. Nínú `journalctl` ilé oògùn, ẹ lè rí `remote port forwarding failed` ní ìgbà kan tàbí ìgbà mẹ́ta kí ọ̀nà tó là. Kò burú, VPS ló ń lé òkú kúrò. Bí ó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ju ìṣẹ́jú méjì lọ, sshd kò ka ìlà `ClientAlive` tí ẹ kọ. Ẹ bi í léèrè lórí VPS:

```
sudo sshd -T -C user=ona,host=localhost,addr=127.0.0.1 | grep -i clientalive
```

Bí ó bá dáhùn `clientaliveinterval 0`, ẹ wò ó bóyá orúkọ àkáǹtì tó wà lẹ́yìn `Match User` bá ti VPS mu, àti bóyá ìlà `Include /etc/ssh/sshd_config.d/*.conf` ṣì wà nínú `/etc/ssh/sshd_config`.